Ẹni tí yóò kùn wá lóorun: ọ̀nà tó lọ láti Òkè-Ọdẹ sí iléèwé nọ́ọ̀sì akunnilóorun

Bí abẹ bá mú ju abẹ lọ, bí ọwọ́ dókítà bá mọ iṣẹ́ dé ibi tó mọ ọ́n dé, aláìsàn tí a kò kùn lóorun kò ṣe é là. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti yé ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ iléewòsàn ní ilẹ̀ wa, dókítà ni a máa ń béèrè, a máa ń béèrè oògùn, a sì máa ń béèrè iná mànàmáná. Ó ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ kí ẹnìkan dìde kó béèrè pé: ta ni yóò kun aláìsàn lóorun?

Ìlú Òkè-Ọdẹ, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Kwara, ló mú wa gbé ìbéèrè yìí dìde lónìí, ìdí méjì ló sì fà á. Èkíní ni pé ìlú náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì ti ìjọba ìpínlẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú tó jù ú lọ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà kò ní. Èkejì ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, nígbà tí àwọn agbébọn ya wọ ìlú náà, tí wọ́n sì pa àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó àti fijilanté tó dúró láti gba ìlú wọn sílẹ̀. Iye tí ìròyìn kọ́kọ́ gbé jáde kò dín ní ènìyàn 12. Kò sí oògùn fún ẹni tó ti kú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìbọn bà tí ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́ lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́-abẹ kíákíá ni yóò gbà á. Bákan náà ni aláboyún tí ọmọ há sí lára lóru, àti ọlọ́kadà tí itan rẹ̀ ṣẹ́ lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí nọ́ọ̀sì fi ń di akunnilóorun: ohun tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó ṣe yẹ kó yan iléèwé, àti ibi tí ìwé-ẹ̀rí náà ti wúlò. Èrò tiwa kò fara sin. Nínú gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èyí wà lára àwọn tí ìwé-ẹ̀rí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ni rékọjá òkun, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà lára èyí tí ilé nílò jù. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó gba fọ́ọ̀mù, ìjọba tó bá sì gbọ́n gbọ́dọ̀ tètè lo àǹfààní tó wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ wo gan-an ni?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni akunnilóorun ń gún, tí yóò sì lọ jókòó sí igun yàrá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó gbé aláìsàn wọlé, òun ni yóò béèrè ìgbà tó jẹun kẹ́yìn, nítorí oúnjẹ inú ikùn lè gòkè wá dí ọ̀nà èémí ẹni tó sùn. Òun ni yóò wo ẹnu àti ọrùn rẹ̀ bóyá rọ́bà èémí yóò ṣe é kì bọ̀ ọ́ bí ó bá di dandan. Òun ni yóò gbèrò bóyá kí aláìsàn sùn fọnfọn, tàbí kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn tí yóò mú kí ìdajì ara kú nígbà tí ojú ṣì là sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fún ọ̀pọ̀ aláboyún. Bí iléewòsàn kò bá ní ẹ̀rọ oorun tó pé, ó lè jẹ́ ketamine ni yóò lò, oògùn tí ọ̀pọ̀ iléewòsàn ìgbèríko ní Áfíríkà gbára lé nítorí pé kì í sábà dá èémí dúró bí àwọn oògùn oorun mìíràn.

Nígbà tí abẹ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ojú ọgbẹ́ ni dókítà ń wò. Akunnilóorun ló ń wo ènìyàn náà fúnra rẹ̀: bí ó ṣe ń mí, bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, bí ìfúnpá rẹ̀ ṣe ń gòkè tàbí tó ń wálẹ̀, iye ẹ̀jẹ̀ tó ti dànù, àti bí ètè rẹ̀ ṣe rí. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ojú ẹlòmíràn ni ẹni tó sùn lórí tábìlì iṣẹ́-abẹ fi ń ṣọ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá sì rán ọgbẹ́ tán, iṣẹ́ kò tíì parí, nítorí jíjí aláìsàn náà ní ewu tirẹ̀.

Ní àwọn iléewòsàn ńlá, dókítà tó kọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe nípa oorun ló ń darí iṣẹ́ yìí, nọ́ọ̀sì akunnilóorun sì ń bá a ṣe é. Ní ọ̀pọ̀ iléewòsàn ìgbèríko, nọ́ọ̀sì náà nìkan ló ń dá a gbé.

Ọ̀wọ́n gógó

Ní ọdún 2015, ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé kalẹ̀ lórí iṣẹ́-abẹ ní àgbáyé sọ pé ènìyàn bíi bílíọ̀nù márùn-ún ni kò ní àǹfààní sí iṣẹ́-abẹ àti oorun tí kò léwu, tí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Wọ́n dárúkọ iṣẹ́ mẹ́ta tí a lè fi dán iléewòsàn ìgbèríko wò: iṣẹ́-abẹ ìbímọ, líla ikùn, àti títọ́jú egungun tó ṣẹ́ tó sì yọ síta. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló nílò akunnilóorun.

Ní ọdún 2017, àjọ àgbáyé àwọn dókítà akunnilóorun, WFSA, gbé èsì ìwádìí wọn jáde. Ó kéré tán, wọ́n ní, ó yẹ kí dókítà akunnilóorun márùn-ún wà fún 100,000 ènìyàn. Iye tí Nàìjíríà ní nígbà náà kò pé ẹyọ kan. Bí a bá wá rántí pé Èkó, Ìbàdàn, Àbújá àti àwọn ìlú ńlá mìíràn ni púpọ̀ nínú àwọn tó wà ń gbé, kò ní pẹ́ yé wa pé bí nọ́ọ̀sì kò bá ṣe iṣẹ́ yìí ní ìgbèríko, kò sí ẹni tí yóò ṣe é.

Kì í sì í ṣe pé nọ́ọ̀sì ń jalè iṣẹ́ oníṣẹ́. Ní ọdún 1846 ni wọ́n fi oògùn ether kun aláìsàn lóorun ní gbangba ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, nọ́ọ̀sì ti wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Alice Magaw, nọ́ọ̀sì tó ń bá àwọn dókítà Mayo ṣiṣẹ́ ní Minnesota, kọ̀wé ní ọdún 1906 nípa oorun tó lé ní 14,000 tí wọ́n ti kùn fún aláìsàn, ó ní kò sí ikú kankan tí a lè di ẹrù rẹ̀ ru oògùn oorun. Ní ọdún 1931, àwọn nọ́ọ̀sì akunnilóorun Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Àríyànjiyàn láàárín dókítà àti nọ́ọ̀sì lórí ẹni tó ni iṣẹ́ yìí kò tíì tán níbẹ̀, kò sì tíì tán lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n aláìsàn tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kò ní àkókò láti dúró de ìdájọ́.

Ọ̀nà tó wọlé

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ọ̀dọ́mọbìnrin tàbí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó parí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Òkè-Ọdẹ. Ohun àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ẹ̀kọ́ akunnilóorun kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń bẹ̀rẹ̀ láti iléèwé gíga girama. Ẹ̀kọ́ àfikún ni, fún ẹni tó ti di nọ́ọ̀sì. Oṣù 18 ni Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ilẹ̀ Nàìjíríà fi sí i, ìdánwò ìgbìmọ̀ náà ló sì ń kádìí rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn iléèwé yìí ló wà lábẹ́ àwọn iléewòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀.

Ìlànà yàtọ̀ díẹ̀ láti iléèwé kan sí èkejì, ṣùgbọ́n àwọn ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè nìyí: ìwé ìforúkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì, ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, máàkì kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì wà nínú rẹ̀, ìrírí lẹ́nu iṣẹ́, àti lẹ́tà ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ìjọba tàbí iléewòsàn gbà síṣẹ́ yóò tún mú lẹ́tà ìyọ̀ǹda wá. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò kíkọ àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Físíìsì yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń kọsẹ̀ lé. Wọ́n ti fojú tín-ín-rín rẹ̀ ní girama, wọ́n rò pé nọ́ọ̀sì kò ní ohunkóhun í fi ṣe. Ṣùgbọ́n gáàsì ni akunnilóorun ń bá ṣeré: bí gáàsì ṣe ń fún ara rẹ̀ nínú sílíńdà, bí oògùn olómi ṣe ń di oru, bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó kù nínú ìgò yóò ṣe pẹ́ tó kí ó tó tán. Ẹni tí kò mọ èyí lè rò pé ọ́síjìn òun ṣì kù nígbà tó ti tán. Ẹni tó bá mọ̀ pé físíìsì òun kù díẹ̀ káàtó, kí ó tètè tún ìdánwò náà ṣe, kí ó má dúró di ọdún tí fọ́ọ̀mù bá jáde.

Ní ti ìrírí, ibi tí a ti ní in ṣe pàtàkì ju iye ọdún lọ. Nọ́ọ̀sì tó lo ọdún méjì níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn tí àìsàn wọn le koko, tàbí nínú yàrá iṣẹ́-abẹ, tàbí ní ẹ̀ka pàjáwìrì, yóò ti mọ bí ènìyàn ṣe ń rí kí ó tó kú, àti ohun tí a ń ṣe kí ó má bàa kú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní gba ìdáhùn sórí bí orin nígbà tí àwọn àgbà bá bi í pé: aláìsàn kan ń tutù, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ìfúnpá rẹ̀ ń wálẹ̀, kí lo máa kọ́kọ́ ṣe? Ohun tó ti ṣe rí ni yóò sọ.

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ

Ọ̀pọ̀ ń yan iléèwé nítorí pé ó sún mọ́ ilé tàbí nítorí pé ojú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dára. Àbá tiwa ni pé kí wọ́n béèrè nǹkan mẹ́rin.

Èkíní: ṣé ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí iléèwé náà fún ẹ̀kọ́ yìí gan-an, àti fún ọdún tí a wà yìí? Iléewòsàn lè jẹ́ ìlú mọ̀ọ́ká, kí àṣẹ tó ní lórí ẹ̀ka kan sì ti kọjá. Ìwé ìgbìmọ̀ ni kí a wò, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń ta fọ́ọ̀mù.

Èkejì: ìgbà mélòó ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun ènìyàn lóorun? A máa ń kọ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe sínú ìwé. Ẹ bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sọ̀rọ̀, ẹ ní kí ó sọ òótọ́ ohun tó wà nínú tirẹ̀. Iléewòsàn ńlá tí àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ lè ní iṣẹ́ rẹpẹtẹ, kí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì sì máa dúró sẹ́yìn. Ibòmíràn lè kéré, kí ọwọ́ sì kan iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ẹ̀kẹta: ṣé wọ́n ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìgbèríko? Ẹni tí ẹ̀rọ olówó iyebíye nìkan ni ó fi kọ́ṣẹ́, ọjọ́ tí iná bá lọ ní ìlú kékeré, ọwọ́ rẹ̀ yóò gbọ̀n. Ó yẹ kí ó mọ abẹ́rẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn dunjú, kí ó mọ ketamine, kí ó sì lè fi ọwọ́ fún aláìsàn ní èémí fún wákàtí kan bí ó bá di bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: ta ni yóò san owó rẹ̀, àdéhùn wo ni ó sì so mọ́ ọn? Ẹni tí iléewòsàn rẹ̀ rán lọ máa ń gba owó oṣù rẹ̀ lọ sójú ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n yóò padà wá sin wọ́n fún iye ọdún kan. Ẹni tó dá ara rẹ̀ rán ní òmìnira, ṣùgbọ́n yóò jẹ ìyà oṣù 18 láìsí owó. Kí ó ka ìwé àdéhùn dé ìlà ìsàlẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí i.

Òkè òkun ńkọ́?

A kò ní tan ara wa jẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì lóde òní, àti òbí tó ń san owó rẹ̀, Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà ni ọkàn wọn wà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ọdún 2023, nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti lé ní 10,000. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tiwa gbé ìlànà jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé kí wọ́n tó lè jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè mìíràn. Ariwo ta, àwọn nọ́ọ̀sì sì jáde fi ẹ̀hónú hàn ní Àbújá àti ní Èkó. A kò bá wọn wí. Ẹni tí kò rí owó oṣù tó tó jẹ kò lè ṣe aláìwo ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ akunnilóorun nítorí àtilọ gbọ́dọ̀ gbọ́ òdodo ọ̀rọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà ló ń kun ènìyàn lóorun. Nọ́ọ̀sì máa ń dúró tì í láti ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì akunnilóorun bí a ti mọ̀ ọ́n níhìn-ín kò sí nínú ètò wọn. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣe é lábẹ́ dókítà, General Medical Council ló sì ń ṣàkóso wọn láti oṣù kejìlá ọdún 2024, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tiwọn lọ́hùn-ún ni wọ́n ń béèrè. Ìwé-ẹ̀rí oṣù 18 kò ṣí ilẹ̀kùn náà.

Amẹ́ríkà ńkọ́? Lóòótọ́, nọ́ọ̀sì akunnilóorun níyì níbẹ̀ gidigidi. Owó ọdún kan rẹ̀ máa ń lé ní 200,000 dọ́là. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tó dé ibẹ̀. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ní dìgírì àti ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà, kí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ó kéré tán níbi ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le koko, kí ó tó díje fún àyè. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀kọ́ oyè dókítà, tí ó máa ń gba bíi ọdún mẹ́ta. Ẹni tó ti ń kun ènìyàn lóorun ní ilẹ̀ Ìgbómìnà fún ọdún mẹ́wàá yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ọmọ tuntun.

Kì í ṣe pé a ń dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ènìyàn mọ ohun tó ń rà. Bí ó bá jẹ́ àtilọ ni, ọ̀nà mìíràn yá ju èyí lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn fẹ́ iṣẹ́ tí yóò mú kí gbogbo iléewòsàn dúró dè é kí wọ́n tó gbé abẹ, èyí gan-an ni.

Ohun tó kan ìjọba

Níbi tí òmíràn ti rí ìṣòro ni ó yẹ kí ìjọba Kwara ti rí oríire. Ẹ̀kọ́ tí kò tètè gbé ènìyàn sá lọ, òun ló yẹ kí ìjọba fi owó sí. Bí wọ́n bá rán nọ́ọ̀sì gbogboogbò lọ kẹ́kọ̀ọ́, ó lè jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Bí wọ́n bá rán akunnilóorun, ó sún mọ́ ọn pé ilé ni yóò gbé jẹ ẹ́.

Kí wọ́n máa yan nọ́ọ̀sì díẹ̀ lọ́dọọdún láti àwọn iléewòsàn ìgbèríko ìpínlẹ̀ náà, kí wọ́n san owó ẹ̀kọ́ wọn, kí wọ́n máa san owó oṣù wọn, kí wọ́n sì bá wọn dá àdéhùn tó ní ìwọ̀n. Kí wọ́n wo àwọn tó jẹ́ ọmọ agbègbè náà kọ́kọ́, nítorí ẹni tí ilé bàbá rẹ̀ wà ní Òkè-Ọdẹ ní ìdí láti dúró ju ẹni tí wọ́n gbé wá láti ọ̀nà jíjìn lọ. Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nílùú náà máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, láti ọdún àkọ́kọ́, pé irú ẹ̀kọ́ báyìí wà.

Ṣùgbọ́n àdéhùn nìkan kò lè di ènìyàn mú. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2025, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Lára ohun tí wọ́n ń bèèrè ni àjẹmọ́nú tó dára àti pé kí ìjọba gba nọ́ọ̀sì púpọ̀ sí i. Akunnilóorun kan ṣoṣo tó wà ní iléewòsàn kan kò ní àkókò oorun tirẹ̀: òru ni tirẹ̀, ọjọ́ ìsinmi ni tirẹ̀, ọdún iléyá àti ọdún Kérésì ni tirẹ̀. Méjì ló yẹ kí wọ́n rán sí ibì kan, kí ọ̀kan lè sùn nígbà tí èkejì bá ń ṣọ́nà. Kí wọ́n sì fún wọn ní ohun èlò: ọ́síjìn tí kì í tán, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti mọ iye ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, àti oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Iṣẹ́ kì í yọrí ní ọwọ́ òfìfo.

Lékè gbogbo rẹ̀ ni ààbò. Òbí wo ni yóò rán ọmọ rẹ̀ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì níbi tí ìbọn ti ń dún? Nọ́ọ̀sì wo ni yóò gba iṣẹ́ òru ní ìlú tí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ gan-an ti kú lójú iṣẹ́? Bí ìjọba kò bá lè mú kí Òkè-Ọdẹ ṣe é gbé, gbogbo ètò ẹ̀kọ́ tí a là sílẹ̀ yìí yóò parí sí Ìlọrin, àwọn tó ṣẹ́kù sí ìgbèríko yóò sì máa fi ọkọ̀ gbé aláìsàn wọn lọ síbẹ̀ títí tí ẹ̀jẹ̀ yóò fi tán lára rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ní ti ìwọ ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé yìí, tí o sì ń ronú àtigba fọ́ọ̀mù, tún físíìsì rẹ ṣe, lọ síbi tí iṣẹ́ gbé le, béèrè nǹkan mẹ́rin tí a sọ, kí o sì lọ. Ẹni tó ń jí ènìyàn láti inú oorun kò ní pàdánù iyì rẹ̀ ní ìlú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ipò àṣẹ ní Ìlọrin, ẹ̀yin náà ti gbọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé aláìsàn dé, kò sí àyè láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tí a óò rán lọ kọ́ṣẹ́ oṣù 18.